Bẹ́ ẹ ṣe máa gbé gángan dé Aberdeen kó ṣì máa fọhùn

Ẹ̀yin ọmọ onílù, físà ṣe pàtàkì o, àmọ́ awọ ìlù lẹ̀rù ń bà mí fún. Ní 1973 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní Aberdeen, ní Scotland, àmọ́ wọn ò ṣe é mọ́ báyìí. Ìgbà ooru wọn ni wọ́n máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n ooru wo? Lọ́jọ́ tá a débẹ̀, òjò wínníwínní ló pàdé wa. Gángan tó ń ké nílé wá ń dún bù, bù, bíi páálí. Ọmọ kan gbé tiẹ̀ lé ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, awọ sì ya fàà!

Ẹ fi aṣọ wé ìlù, kẹ́ ẹ gbé e sábíyá títí ara yín á fi mú un gbóná, kẹ́ ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú awọ méjèèjì. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, ẹ gbé ìlù mọ́ra. Kọ̀ngọ́ ní tiẹ̀, inú àpótí ńlá tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ ni kó wà, torí ó jọ ohun ìjà lójú ẹ̀ṣọ́. Kọ̀ngọ́ méjì ni kẹ́ ẹ kó síbẹ̀.

Bí àwọn oní-fáólíìnì bá ń tún ohùn ṣe, ẹ má wò wọ́n níran. Ẹ fún ọ̀sán ìlù, ìyẹn okùn awọ tó so ojú méjèèjì pọ̀, títí ohùn yín á fi bá tiwọn mu, kẹ́ ẹ sì rántí bọ́wọ́ yín ṣe le tó lára ọ̀sán náà.