Ẹ má kó tákítíìkì mẹ́ta lé àwọn agbábọ́ọ̀lù yín lórí lẹ́ẹ̀kan

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n sọ èyí kí n tó gbàgbé. Nínú Football Manager, géèmù kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti ń ṣe olùkọ́ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, àyè tákítíìkì (ìlànà tí ẹgbẹ́ fi ń gbá bọ́ọ̀lù) mẹ́ta ló wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá lo gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ó máa pẹ́ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù yín tó mọ èyíkéyìí dunjú. Ọ̀kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá ẹgbẹ́ tí kò lágbára ṣe ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́, kí orí wọn lè wú.

Ẹni tó bá fẹ́ràn kí wọ́n máa fòòró alátakò láti iwájú, bíi tèmi, kó wo ìfaradà agbábọ́ọ̀lù kó tó rà á o. Eré sísá nìkan kò tó: tó bá fi máa di ìṣẹ́jú 70, wọ́n á ti máa mí hẹlẹhẹlẹ.