Láàrin V-Max àti Bandit: bí mo ṣe ra pawa báìkì tòkunbọ̀

Ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ wa fi mọ alùpùpù ní Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ ìró V-Max rí ní ìkóríta Ṣàgámù mọ̀ pé alùpùpù ju alùpùpù lọ. Ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ti wà níbẹ̀. Owó aṣọ tí ẹgbẹ́ wa mú fún Ọjúde Ọba wà lára ohun tí mo kó jọ (ẹ má sọ fún olórí ẹgbẹ́), mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tí màá rà. Méjì ló kù nígbẹ̀yìn: Yamaha V-Max kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, àti Suzuki Bandit 1200 kan ní Ṣàgámù. Owó wọn kò jìnnà síra.

Ká sọ ti agbára, V-Max ló ni ín. Ọdún 1985 ni Yamaha gbé e jáde, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 1,198 cc, sìlíńdà mẹ́rin, agbára ẹṣin 145. Ohun tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ni V-Boost: bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí kọjá nǹkan bí 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀nà kan á ṣí láàrin àwọn kábúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́), sìlíńdà kọ̀ọ̀kan á wá máa mu epo láti ara kábúrétọ̀ méjì. Bandit kò ní irú rẹ̀. 1,157 cc ni tirẹ̀, agbára ẹṣin bí 100, àmọ́ ìdílé GSX-R1100, báìkì asáré Suzuki, ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti wá, afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló sì ń mú un tutù. Kò ní omi tó máa jò.

Ọ̀gá mẹkáníìkì mi kò bá mi sọ̀rọ̀ agbára rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni tánkì V-Max wà?" Mo na ọwọ́ síwájú. Ó rẹ́rìn-ín. Ìdérí lásán ni ohun tó dà bí tánkì níwájú yẹn. Abẹ́ ìjókòó ni epo wà, pọ́ńpù oníná ló sì ń fà á gòkè. Bí pọ́ńpù bá kú lọ́nà márosẹ̀ lálẹ́, a jẹ́ pé o máa tì í nìyẹn, ẹrù tó ju 260 kílò lọ. Epo Bandit ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ bíi ti ọ̀kadà. Fáàfù, àwọn ohun tó ń ṣí tó ń pa nínú ẹ́ńjìnnì, ńkọ́? Síkúrù àti nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń tún ti Bandit ṣe. Ti V-Max, irin pẹlẹbẹ kékeré tí ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé ni, tí o kò bá sì rí ìwọ̀n rẹ̀, ìdúró dé. Táyà ẹ̀yìn V-Max jẹ́ ínṣì 15, èyí tó ṣòro láti rí. Ínṣì 17 ni Bandit ń lò níwájú àti lẹ́yìn, bíi ti ọ̀pọ̀ báìkì ìgbàlódé. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀gá fi yin V-Max ni pé kò ní ṣéènì. Ọ̀pá irin ló ń yí táyà ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iyanrìn ọ̀nà wa kì í jẹ́ kí ṣéènì pẹ́.

Síbẹ̀, V-Max ni mo kọ́kọ́ lọ wò. Mo ti bẹ Alájì tó ni ín pé kí wọ́n má ṣe tan án kí n tó dé. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni àléébù máa ń fara hàn. Bí mo ṣe gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó ti gbóná.

"Alájì, ẹ ti tan án nìyí o."

"Mo kàn fi gbé e jáde lábẹ́ búkà ni, àbúrò."

Mo ní kò burú. A jókòó, wọ́n fún mi ní mínírà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó di ọ̀sán. Nígbà tó tutù tán, ó tan láì fa wàhálà, kò sì rú èéfín. Mo fi rúlà wọn ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú: mílímítà 43. Ìyẹn dára, nítorí mílímítà 40 ni ti àwọn tó ṣáájú 1993. Mo dé àṣíborí, ó di ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Jíà kejì ni mo fẹ́ dán wò, torí òun ni àwọn tó mọ V-Max máa ń kìlọ̀ fún èèyàn nípa rẹ̀. Mo wọ jíà kejì, mo tẹná mọ́ ọn dáadáa. Gbàgà! Ẹ́ńjìnnì ké, báìkì kò lọ mọ́: jíà ti já. Mo tún gbìyànjú, ó tún já. Kí wọ́n tó lè débi jíà yẹn, àfi kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì kúrò lára férémù, kí wọ́n là á sí méjì. Ìró rẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́.

Bandit ti Ṣàgámù náà ní tirẹ̀. Àwọn nọ́ńbà mẹ́rin ara táyà ẹ̀yìn ni 3811, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kejìdínlógójì ọdún 2011. Táyà náà ṣì ní ojú, ṣùgbọ́n ó ti le gan-gan. Ọ̀gá ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fà á sí mi. Epo bẹntiróò ló ń rùn. Rọ́bà inú táàpù epo ti lu, epo ń jò gba kábúrétọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì. Ọmọkùnrin tó ń tà á rò pé a máa sá lọ. Àṣé ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn: táàpù kò wọ́n, ọ́ìlì kò wọ́n, a sì fi wọ́n já owó rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú táyà. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọrùn férémù bá ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu. Mo sanwó.

Ọ̀gá pààrọ̀ táàpù, ó da ọ́ìlì nù, ó tún fáàfù ṣe lójú mi pẹ̀lú sípánà. Ibi tí a ti ń wá táyà ni Alájì ti pè: "Àbúrò, mo ti yọ owó kúrò lórí ẹ̀ o."

"Ẹ ṣé, Alájì. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n tú jíà kejì yẹn ná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn á tà á fún ará Èkó.