Bí A Ṣe Ń Wá Ohun Tó Ń Mú Kí Ọkọ̀ Eré Àtijọ́ Lọ́ra Nígbà Tí A Bá Tẹ Tọ́rọ́tù

Bí ọkọ̀ eré tí ọjọ́ ti pẹ́ lórí rẹ̀ bá ń falẹ̀ kí ó tó fà nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́rọ́tù (ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré), ẹ má ṣe gbà pé ogbó ló dé sí i. Nǹkan kan ló ń dí i lọ́wọ́, nǹkan náà sì ṣeé rí bí a bá wá a létòlétò. Ohun tó ń ba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ jù lọ lọ́wọ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ ni pé a ti máa ń gba ọjà Ládípọ̀ lọ ra sẹ́ńsọ̀ tàbí bíréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) tòkunbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò dáadáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ẹsẹ̀ yín, kí ẹ tọ ipa ọ̀nà tí agbára ń gbà títí dé táyà, kí ẹ má sì ra ohunkóhun títí tí ẹ ó fi mọ ibi tí agbára náà ti ń sọnù. Mazda MX-5 ẹlẹ́ńjìnnì 1.6, tó kọ́kọ́ jáde ní 1989, ni n ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro láti fojú rí.

Ẹ kọ́kọ́ dá wàhálà ẹ́ńjìnnì mọ̀ yàtọ̀ sí wàhálà ọkọ̀. Bí aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì bá gòkè kíákíá tí ọkọ̀ kò sì yára tẹ̀ lé e, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí tọ́rọ́tù tí yóò wò ó sàn. Bí rímù kan bá gbóná ju àwọn yòókù lọ lẹ́yìn ìrìn kúkúrú, bíréèkì ibẹ̀ ló di táyà mú. Ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ fi ọwọ́ yí táyà náà wò.

Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń lọ́ra lóòótọ́, ẹ gbé ọkọ̀ náà jáde nígbà tí ó bá ti gbóná dáadáa, ní àárọ̀ kùtùkùtù, lójú ọ̀nà tí kò sí èrò. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe àyẹ̀wò yìí lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ tó ń falẹ̀ kí ó tó fà kò gbọdọ̀ bá tírélà du ọ̀nà. Ẹ fi sí jíà kẹta, kí ẹ jẹ́ kí aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì wà ní nǹkan bí 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ́kọ́ rì díẹ̀ kí ó tó gbéra, ibi tí a ti ń wọn afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ epo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá gbéra dáadáa ṣùgbọ́n tí ó kú sára bí eré ti ń pọ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kí epo má tó o tàbí kí èéfín má rí ọ̀nà jáde. Bí ó bá ń mísì (tí sílíńdà kan ń fo iṣẹ́ rẹ̀) tí ó sì ń gbọ̀n nígbà tí iṣẹ́ bá wúwo fún un, ẹ fura sí iná púlọ́ọ̀gì. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, nítorí pé òun ni yóò dín ibi tí ẹ ó wá kù.

Nígbà tí ẹ bá padà délé, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ ní kí ẹnìkan tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀ títí dé ìdí nígbà tí ẹ̀yin ń wo ilẹ̀kùn tọ́rọ́tù, èyí tó ń ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ láti wọ ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́dọ̀ ṣí tán. Ẹ ó rí i pé lára ọkọ̀ mìíràn, kì í ṣí ju ìdajì tàbí díẹ̀ lé ní ìdajì lọ, nítorí pé wáyà rẹ̀ ti fà gùn tàbí pé kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ́ lé kápẹ́ẹ̀tì kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ dé ilẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá láti Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n wá yí ọwọ́ rẹ̀ (ibi tí ìdarí wà) padà sí apá òsì, nílò àyẹ̀wò yìí ju gbogbo wọn lọ: láti 1972 tí a ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún ní Nàìjíríà ni iṣẹ́ yíyí ọwọ́ ọkọ̀ ti wà, ibi tí wọ́n bá sì ti ká wáyà tọ́rọ́tù kọjá ààlà ni yóò ti máa há.

Ibi tí ó tún yẹ kí a fara balẹ̀ sí ni ọ̀nà afẹ́fẹ́. Eruku ọyẹ́ àti ti ojú ọ̀nà ilẹ̀ pupa wa tètè ń dí fílítà, ẹ yọ ọ́ kí ẹ sì gbé e sójú oòrùn wò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yọ ọ́ sọ nù pátápátá nítorí pé ẹ ń wá agbára, torí iyanrìn yóò jẹ ògiri sílíńdà. Lẹ́yìn èyí ni rọ́bà ńlá tó so òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ mọ́ tọ́rọ́tù. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ojú kì í dé, ló máa ń là, ìlà náà sì lè pa ẹnu dé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní sílò (tí ó ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a tẹ tọ́rọ́tù), kí ó wá là sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́rọ́tù tí ẹ́ńjìnnì sì fì. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ wọlé kò kọjá lójú òṣùwọ̀n, nítorí náà bíréènì bọ́ọ̀sì kò mọ̀ nípa rẹ̀, epo tó bá rán wá kò ní tó, ẹ́ńjìnnì yóò sì rì. Ẹ tú rọ́bà náà sílẹ̀ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wíwò ó níbi tó wà kò tó. Nínú MX-5 tí mo sọ yìí, òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ ní ilẹ̀kùn kékeré kan tí afẹ́fẹ́ ń tì ṣí, ilẹ̀kùn yìí kan náà ló sì ń jẹ́ kí pọ́ńpù epo máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí. Bí rọ́bà náà bá ya gidigidi, ẹ́ńjìnnì lè kú fin-ín.

Sẹ́ńsọ̀ ara tọ́rọ́tù, tó ń sọ fún bíréènì bọ́ọ̀sì bí tọ́rọ́tù ti ṣí tó, ló tẹ̀ lé e. Èyí tó ní wáyà mẹ́ta sábà máa ń gba fóòtì (ìwọ̀n iná mànàmáná) 5, tí yóò sì dá nǹkan bí 0.5 padà nígbà tí tọ́rọ́tù bá wà ní pípadé àti nǹkan bí 4.5 nígbà tí ó bá ṣí tán. Ẹ lo mítà alábẹ́rẹ́, kí ẹ máa ṣí tọ́rọ́tù díẹ̀díẹ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti já wálẹ̀ lójijì ni sẹ́ńsọ̀ ti jẹ. Ṣùgbọ́n ti MX-5 1.6 oníjíà ọwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, ṣíṣí àti pípadé nìkan ló ń sọ, kò sí fóòtì tí yóò máa gòkè níbẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí pé rẹwáyà tí kò bá mọ̀ yóò dá a lẹ́bi láìṣẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí àléébù bí ẹ̀rọ síkáànì bá sọ pé òun kò rí nǹkan: ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọkọ̀ tuntun ní ojú ìsopọ̀ OBD-II tí ẹ̀rọ síkáànì ń kì bọ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni kò sì gbọ́ èdè ẹ̀rọ náà.

Ní ti iná, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ wo ẹnu rẹ̀. Dúdú oníyẹ̀fun túmọ̀ sí pé epo pọ̀ jù, funfun gbígbẹ túmọ̀ sí pé kò tó. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ rìn jẹ́jẹ́ láàárín èrò Ojúde Ọba fún ìgbà pípẹ́ lè bá púlọ́ọ̀gì tó dúdú láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́. Ẹ wo wáyà púlọ́ọ̀gì nínú òkùnkùn bóyá iná ń ta lára rẹ̀. Táímíìnì (àkókò tí iná púlọ́ọ̀gì ń ta) tó bá fà sẹ́yìn máa ń pa ọkọ̀ lára gan-an. Ti MX-5 1.6 yẹ kí ó wà ní ìwọ̀n 10 (dígírì) kí písítìnì tó dé òkè, lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ojú tí wọ́n kọ TEN sí mọ́ èyí tí wọ́n kọ GND sí nínú àpótí àyẹ̀wò rẹ̀.

Nínú MX-5 1.6, epo yẹ kí ó ní ìtì tó tó nǹkan bí 40 sí 45 PSI (ìwọ̀n ìtì) bí ẹ bá yọ họ́ọ̀sì kékeré orí règúlétọ̀, ohun tó ń ṣètò ìtì epo. Bí ìwọ̀n náà bá já nígbà tí ẹ bá fún ẹ́ńjìnnì níná, ẹ pààrọ̀ fílítà epo kí ẹ tó fura sí pọ́ńpù. Epo tí methanol (irú ọtí kan tó lè jẹ rọ́bà) pọ̀ nínú rẹ̀ tó wọ Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022 fi yé wa pé kò yẹ kí á fojú fo họ́ọ̀sì rọ́bà àtijọ́.

Kátálísì (àpótí tó ń fọ èéfín lójú páìpù) tó dí máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì dà bí ẹni tó ń sáré tí wọ́n faṣọ bo imú rẹ̀. Ẹ má tíì gé e kúrò o. Ẹ so mítà fákúọ̀ọ̀mù mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ ẹ́ńjìnnì: ní sílò, 17 sí 21 inHg (ìwọ̀n tó wà lójú mítà náà) ló yẹ kí ó kà. Ẹ di ẹ́ńjìnnì mú ní 2,500. Bí abẹ́rẹ́ bá ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dípò kí ó dúró, ọ̀nà èéfín ti dí.

Ẹni tó ní MGB, ọkọ̀ eré Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tó jẹ́ oníkabúrétọ̀ SU (ohun tó ń po afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ epo), kò ní sẹ́ńsọ̀ tí yóò wá. Kí ó ṣí ìdérí orí kabúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó wo bóyá ọ́ìlì (kì í ṣe pẹtiróòlù) wà nínú ihò rẹ̀, nítorí pé ọ́ìlì yìí ló ń dá písítìnì kékeré inú rẹ̀ dúró kí ó má baà fò sókè jù nígbà tí a bá tẹ tọ́rọ́tù lójijì.

Lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, ẹ padà sí ojú ọ̀nà kan náà, jíà kan náà, kí ẹ tún un ṣe. Bí gbogbo èyí bá dára tí ọkọ̀ ṣì ń lọ́ra, ẹ wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ti ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Bí sílíńdà kan bá rẹlẹ̀ ju àwọn yòókù lọ púpọ̀, ẹ da epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sínú rẹ̀ kí ẹ tún wọ̀n ọ́n: bí ó bá gòkè, ríìngì ló jẹ, bí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ni kí ẹ lọ wò.