Bí wákàtí kan ṣe fẹ́ gba orílẹ̀-èdè ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ mi

Káàdì kan wà lọ́wọ́ mi tó jẹ́ ẹ̀rí pé mo bá àwọn kan sọ̀rọ̀ lórí rédíò, kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwòrán ẹyẹ ló wà níwájú rẹ̀, dọ́là 55 ló sì ná mi. Ẹ má tíì fi náírà ṣírò rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni inú ti ń bí mi. Ní May 2023 ni mo ṣèlérí dọ́là 50 fún àwọn oníham kan (àwa tá à ń fi rédíò bá ara wa sọ̀rọ̀ káàkiri ayé fún ìgbádùn) tí wọ́n fẹ́ lọ gbé rédíò kalẹ̀ sí erékùṣù kan ní gúúsù òkun Atlantic. Nígbà yẹn, dọ́là kan kò tíì tó 800 náírà. Káàdì báǹkì mi kò ṣiṣẹ́ fún owó òkè òkun, ni mo bá bẹ àbúrò mi obìnrin tó wà ní Houston pé kó bá mi fi PayPal san án. Mo ní màá dá a padà lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ mọ bí oṣù tó ń bọ̀ ṣe máa ń rí. Ìgbà tí mo fi máa san án ní February 2024, dọ́là ti fò kọjá 1,500. Mo ní kó jẹ́ ká ṣe é ní iye ti àtijọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, dọ́là lẹ yá lọ́wọ́ mi o, ẹ ò yá náírà."

Ẹni tí kì í ṣe oníham lè bi mí pé kí ló kàn mí kan erékùṣù tí èèyàn kò gbé. Nínú DXCC, ètò ìwé ẹ̀yẹ tí ARRL, ẹgbẹ́ àwọn oníham Amẹ́ríkà, ń bójú tó, ibi 340 ló wà lórí ìwé. Orílẹ̀-èdè la máa ń pè wọ́n láàárín ara wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyẹ nìkan ló ń gbé inú òmíràn. Ẹni tó bá bá 100 sọ̀rọ̀, tó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ló ń gba ìwé ẹ̀yẹ. Mo ti dé 99, mo sì ti pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí kò sí olùgbé, àfi kí àwọn kan wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, ọkọ̀ yẹn ló sì ń jẹ owó. Ẹ wo Bouvet, erékùṣù Norway tí yìnyín bò. Ní 2018, àwọn kan dé iwájú rẹ̀, ojú ọjọ́ kò jẹ́ kí wọ́n gúnlẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tún dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì pẹ̀yìn dà láìdáhùn ìpè kan ṣoṣo. Àwọn tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 2023 fojú winá òtútù àti ìgbì, ìpè tí wọ́n sì dáhùn kò pé 20,000. Àwọn tó lọ sí Heard Island ní 2016 dáhùn ju 70,000 lọ. Ọkọ̀ kò ní bá ẹ dín owó rẹ̀ kù torí pé òkun ru. Àwọn tó ń lọ á kọ́kọ́ da owó tiwọn sílẹ̀, ẹgbẹ́ bíi Northern California DX Foundation á fi kún un, àwa mẹ̀kúnnù á wá máa dá ìwọ̀nba tí agbára wa ká.

Bí mo ṣe gbàwé àṣẹ, bí mo ṣe kọ́ Morse (ìró kúkúrú àti gígùn tá a fi ń kọ lẹ́tà), bí mo ṣe ta wáyà sórí òrùlé, mi ò ní fi yẹn gba àkókò yín. Irọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní November 2023, NEPA ti mú iná lọ, bátìrì ni mo fi ń tan rédíò, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi sì ń ha mí létí bí ẹni ń fá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo gbọ́ àwọn tí mo dáwó fún láti erékùṣù náà, wọ́n ń fi Morse ránṣẹ́ lórí 28 MHz. Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí àǹtẹ́nà wọn ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ ń pè wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi, wáàtì 100 àti wáyà lásán. Mo pè títí ọwọ́ fi ń ro mí, wọ́n sì dá mi lóhùn! Mo fò sókè, tíì dànù sórí tábìlì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: aago 18:41. Ẹ fi aago yẹn sọ́kàn.

(Nínú Morse, 5NN la fi ń gé 599 kúrú, ìyẹn ni pé mo ń gbọ́ ẹ ketekete. Àmì ìpè, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí oníham fi ń jẹ́ orúkọ lórí rédíò, ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N ní Nàìjíríà. Ẹ ò lè mọ iye ìgbà tí wọ́n ti fi èyí ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.)

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo tẹ àmì ìpè mi sí Club Log, ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti lè wò ó bóyá wọ́n kọ òun sílẹ̀. Kò sí mi níbẹ̀. Mo kọ ímeèlì sí ọ̀gbẹ́ni tó ń bójú tó káàdì wọn. Ó ní kí n fi ọjọ́, aago UTC (aago kan ṣoṣo tí gbogbo oníham àgbáyé ń lò) àti ìgbì rédíò tí mo lò ránṣẹ́. Mo fi 18:41 ránṣẹ́. Ó ní òun wò ó, kò sí mi nínú lọ́ọ̀gì, ìwé àkọsílẹ̀ ìpè wọn.

Ni mo bá ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti sọ: mo mẹ́nu kan owó. Mo ní èmi yìí wà lára àwọn tó gbé ọkọ̀ náà débẹ̀. Ó fèsì pé àmì ìpè mi kò sí lára àwọn tó dáwó. Kò lè sí, orúkọ àbúrò mi ló wà lórí PayPal! Ó tún wá fi kún un pé bó bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ làwọn gbà, àwọn ò ta ìpè fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Òótọ́ tó wà nínú rẹ̀ ló mú kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo tún ní kó sọ àwọn tó wà nínú lọ́ọ̀gì nítòsí 18:41 fún mi, bóyá wọ́n ṣì mí kọ ni. Ó kọ̀ jálẹ̀. Gbogbo January ni mo fi ń bú u nínú ọkàn mi. Ìgbà tí ara mi balẹ̀ ni mo tó rí ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ka lọ́ọ̀gì síta pẹ̀lú aago, ẹni tí kò gbọ́ wọn rí á kàn wá àmì ìpè tó jọ tirẹ̀, á ní òun ni wọ́n ṣì kọ. Club Log náà máa ń sọ pé o wà níbẹ̀ àti ìgbì tó o lò, ṣùgbọ́n kì í sọ aago. Ẹni tó ń béèrè ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí ọwọ́ tirẹ̀.

Ọmọ mi ló gbà mí. Ní March, ó ń wá àyè sórí fóònù rẹ̀, ó ní, "Dádì, ṣé kí n pa fídíò tẹ́ ẹ ti ń fò yìí rẹ́?" Mi ò mọ̀ pé ó ká mi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo wo aago fídíò náà: 6:41 ìrọ̀lẹ́. Orí mi wú. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC. 17:41 ló yẹ kí n kọ! Bátìrì aago ara ògiri mi, èyí tí mo máa ń fi sí UTC, ló kú ní October. Mo fi tuntun sí i, mo wo fóònù, mo sì yí aago náà bá ti fóònù mu. Ohun tí mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní ni mo gbàgbé. Gbogbo ìpè tí mo ṣe láti October ló fi wákàtí kan ṣìnà. Abájọ tí LoTW, ojúlé ARRL tó ń fi àkọsílẹ̀ ẹni méjì wéra, kò fi so ọ̀kankan pọ̀, torí bí àkọsílẹ̀ ẹni méjì bá fi ju ìṣẹ́jú 30 lọ yàtọ̀, kò ní kà á sí.

Mo fi 17:41 ránṣẹ́, mo fi fídíò náà tì í. Ọjọ́ kẹta ló fèsì. H ló parí àmì ìpè mi, ìró kúkúrú mẹ́rin nínú Morse. S jẹ́ mẹ́ta. Wọ́n ti kọ mí pẹ̀lú S, àmì ìpè yẹn kò sì sí níbòmíràn nínú gbogbo lọ́ọ̀gì wọn. Ó ní ohun tó jẹ́ kí òun tún un ṣe ni pé nínú fídíò, lẹ́yìn tí wọ́n fi S dá mi lóhùn, mo tún àmì ìpè mi fi ránṣẹ́ lódindi nígbà méjì, wọ́n sì ní àwọn gbà á. Bí kò bá sí ìyẹn, òun ò ní fọwọ́ sí i, torí ẹni méjèèjì gbọ́dọ̀ gba àmì ìpè ara wọn pé.

Ní April, LoTW kà á fún mi. 100! Mo tún san dọ́là 5 fún káàdì, àbúrò mi náà ló tún bá mi san án. Mo dá a padà lọ́jọ́ kejì.

Bí mo bá tún máa dáwó, ọjọ́ tí mo bá ṣèlérí ni màá san án, màá sì kọ àmì ìpè mi sára owó náà. Màá tún bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe máa ṣe owó tó bá ṣẹ́kù bí ọkọ̀ kò bá gúnlẹ̀. Ohun kan ṣì wà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: àwọn kan máa ń fi ẹ̀rí ẹni tó dáwó sórí LoTW lọ́sẹ̀ kan náà, wọn á ní kí ẹni tí kò dáwó dúró fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tí kò lówó náà pè títí ọwọ́ fi ro ó.

Ní ti S yẹn, mi ò gbọ́ ọ rárá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ló jẹ́ kí n máa tún àmì ìpè mi fi ránṣẹ́, mo rò pé wọn ò gbọ́ mi. Mi ò tíì sọ fún aládùúgbò mi. Bó bá gbọ́, kò ní pa á mọ́.