Pòpórò tí mo rì mọ́lẹ̀ ló ba àgbàdo mi jẹ́ ni, àbí ìṣirò mi ni ò dáa?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ilẹ̀ Benin níbí ni mo wà, mémoire (ìwé ìwádìí àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́) ni mò ń ṣe. Ebè méjìlá ni mo kọ sórí ilẹ̀ pupa wa yìí, mo da ìgbẹ́ adìyẹ sí mẹ́rin, mo gé pòpórò àgbàdo gbígbẹ rì sí mẹ́rin, mẹ́rin tó kù mi ò fi nǹkan kan sí i. Mo wọn igi àgbàdo mẹ́wàá mẹ́wàá lórí ebè kọ̀ọ̀kan, mo wá moyenne (ìpíndọ́gba) wọn, mo fi t-test, ìṣirò tó ń fi ẹgbẹ́ méjì wéra, wò wọ́n ní méjì méjì, prof mi fa ìlà pupa sí gbogbo ẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn oní-pòpórò ò tó àwọn tí mi ò fi nǹkan kan sí, ewé wọn ń pọ́n láti ìsàlẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò, kú iṣẹ́. T-test ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn, bí ẹni ta tẹ́tẹ́ ni, ìkọ̀ọ̀kan lè tàn ẹ́ jẹ pé ìyàtọ̀ wà níbi tí kò sí ní ìgbà 5 nínú 100, tó o bá pa wọ́n pọ̀ ó ń lọ sí bíi 14. ANOVA, ìṣirò tó ń wo gbogbo ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ni kó o ṣe, òun máa wò ó bóyá bí ẹgbẹ́ ṣe jìnnà síra wọn ju bí àwọn ebè inú ẹgbẹ́ kan náà ṣe ń yàtọ̀ síra lọ. Nínú oko náà ló ti dàgbà o, Fisher onímọ̀ ìṣirò lò ó fún irè oko ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí oko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láyé 1920 síwá. Tó bá ní ìyàtọ̀ wà, ìdánwò Tukey ló máa sọ ẹgbẹ́ tó yàtọ̀ síra.

Àmọ́ ibi tó bàjẹ́ gan-an, o ka igi 40 fún ẹgbẹ́ kan. Ṣé igi lo da ìgbẹ́ sí ni? Ebè ni. Igi mẹ́wàá tó ń jẹun nínú abọ́ kan náà ò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí mẹ́wàá. Moyenne ebè ni kó o lò, mẹ́rin mẹ́rin.

Ti pòpórò, òótọ́ lo rí. Carbon inú ẹ̀ tó bíi 60 sí azote 1 (náítírójìn tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè), àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ sì ń fẹ́ bíi 24 sí 1, torí náà wọ́n á lọ fa azote inú ilẹ̀ kún un, àgbàdo á wá máa yọ ti ewé àgbà fún ewé tuntun, òun ló fi pọ́n láti ìsàlẹ̀. Tí wọ́n bá kú azote á padà sílẹ̀, àmọ́ àgbàdo ẹ lè ti gbó. Rì í ní bí oṣù méjì kó o tó gbìn, tàbí kó o po ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ti ìgbẹ́ adìyẹ ló dáa jù, ibi tá a máa ń so ewúrẹ́ mọ́ tẹ́lẹ̀ ni mo kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí, kí n má baà rù ú jìnnà.

Ìdáhùn: Háà, ó dé! Ìtọ̀ ewúrẹ́, azote náà ni. Kò sí ANOVA tó lè yà á kúrò lára ìgbẹ́ adìyẹ. Tí òjò kejì bá dé ní oṣù kẹsàn-án, kọ nọ́ńbà ebè méjèèjìlá sórí ìwé méjìlá, ká wọn sínú igbá, máa fà á lọ́kọ̀ọ̀kan: mẹ́rin àkọ́kọ́ fún ìgbẹ́, mẹ́rin fún pòpórò, mẹ́rin tó kù lásán. Ebè tí ìwé bá mú fún ìgbẹ́ ni kó o rù ú lọ, ì báà jìnnà.