Bí mo ṣe gbé ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dé orí fóònù

Ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, àwọn tó ń rà á sì ti ń dàgbà. Àwọn tí à ń wá ni ọ̀dọ́ tí kò ra ìwé ìròyìn rí àti àwọn ará wa tó wà lókè òkun. Orí WhatsApp ni wọ́n wà, ibẹ̀ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀. Facebook ló tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà lórí WhatsApp. Broadcast, ìyẹn fífi ìròyìn kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò gbà ju ènìyàn 256 lọ, ẹni tí kò bá sì fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà. Group gba 1,024, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń rí nọ́ńbà ara wọn. Kò ní pẹ́ tí àwọn tó ń ta oògùn àti àwọn oníjìbìtì á fi sọ ọ́ di ọjà. Channel, ojú òpó tí àwọn olùkà ń tẹ̀ lé, tó dé ní 2023, ni mo mú, torí nọ́ńbà olùkà ò hàn sí ẹnìkejì rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í dún. Àfi kí ẹni tó tẹ̀ lé e tẹ agogo tó wà lókè, nítorí náà àwòrán tó fi agogo yẹn hàn ni mo kọ́kọ́ gbé síbẹ̀.

Kí àwọn tó ń ra ìwé lè bọ́ sórí Channel, QR code, àmì onígun mẹ́rin tí fóònù ń fi kámẹ́rà kà láti ṣí líǹkì, ni mo fi sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́. Bébà ìwé ìròyìn máa ń mu yíǹkì. Yíǹkì á tàn, àwọn àpótí kéékèèké inú code á wọnú ara wọn, fóònù ò ní lè kà á. Ẹ má jẹ́ kó kéré sí sẹ̀ǹtímítà 3. Dúdú nìkan ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́: tí ẹ bá fi àwọ̀ mẹ́rin tẹ̀ ẹ́, tí ọ̀kan yẹ̀ díẹ̀, ó parí. Líǹkì kúkúrú ni kí ẹ fi ṣe é, torí bí líǹkì bá ṣe gùn tó ni àpótí inú code ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ̀dà tó ti ẹ̀rọ jáde ni kí ẹ sì fi fóònù olówó pọ́ọ́kú dán wò, kì í ṣe èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà.

Líǹkì ìròyìn gan-an ní wàhálà tirẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kí àmì ohùn wọnú àdírẹ́sì, ẹ̀ kan ṣoṣo á di %E1%BA%B9%CC%80 nígbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Ta ló máa tẹ irú rẹ̀? Ẹ kọ àdírẹ́sì láìsí àmì, kí ẹ fi àmì pé sórí àkọlé.

Fún Facebook, àwòrán tó ń bá líǹkì jáde jẹ́ píksẹ́lì 1200 × 630. Tí ẹ bá ti pín líǹkì kí ẹ tó fi àwòrán sí i, Facebook á ṣì máa fi líǹkì náà hàn láìní àwòrán. Ẹ lọ sí Sharing Debugger, irinṣẹ́ Facebook tó ń yẹ líǹkì wò, kí ẹ tẹ Scrape Again kó lè tún un kà. Fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí ẹ fi kọ ọ̀rọ̀ sára àwòrán, ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ti àmì ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀ àti ọ̀. Noto Sans kì í dà mí.

Ohùn ló ń mú ènìyàn tuntun wá jù, lójú tèmi. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló gbọ́ Yorùbá tí kò lè kà á. Mo ní kí akọ̀ròyìn ka kókó ìròyìn mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, kó gbé e sí Channel, kí líǹkì tẹ̀ lé e. Kì í jẹ dátà púpọ̀, ìyá àgbà náà á sì gbọ́. Gbogbo ìwé lódindi ní PDF? Mi ò gbé e síta. Àwọn tó ń tà á níbùdókọ̀ ló máa jìyà rẹ̀.

Ẹ lè tún ohun tí ẹ kọ sórí Channel ṣe títí di 30 ọjọ́, àmọ́ àwòrán tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ kiri ò ṣeé pè padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọjọ́ àti ọdún sára àwòrán ìròyìn kọ̀ọ̀kan, gàdàgbà, lábẹ́ orúkọ ìwé ìròyìn, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ gé e kúrò kò ní lè gé e láìgé àkọlé.