Jó o kó má jò: wẹ́dà géètì tó fẹ́ bọ́ sídìí páìpù bọ́ílà, wá gbọ́

Takie ni mo ti kọ́ṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọdún mẹ́rin gbáko kí n tó gba fúrídọ́ọ̀mù, gbogbo ohun tí mo sì mọ̀ nígbà yẹn ò ju géètì, bọ́gúlárì, ẹsẹ̀ táǹkì omi àti ẹ̀rọ gàrí lọ. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi pé irin kan wà tí wọ́n máa ń ya X-ray ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá jó o tán, bí wọ́n ṣe ń ya ti ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ ní ọsibítù Bowen, màá ní ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan wá mú mi lọ síbi iṣẹ́ bọ́ílà, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń se omi di stíìmù, ìyẹn oru omi, wọ́n ní kí n jó tẹ́ẹ̀sì, mo jó o, ojú ẹ̀ dán, ó tò bí ìpẹ́ ẹja, mo tiẹ̀ ń fi fóònù yà á kiri, ọjọ́ kejì wọ́n gbé fíìmù jáde, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan la àárín ẹ̀ já. Inú páìpù ò jó pọ̀. Òde nìkan ni mo jó. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Géètì, òde ni oníbàárà ń wò. Páìpù bọ́ílà, inú ni wọ́n ń wò. Orí ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà. Màá máa bá ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀ ni o, tó o bá jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú.

Jẹ́ ká mọ ohun tá à ń jó ná. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Jẹ́bà tó wà lókè wa lọ́hùn-ún, tó o bá gba Ìlọrin kọjá, omi ló ń yí ẹ̀rọ ibẹ̀, wọn ò nílò bọ́ílà. Ẹ́gbìn ní Èkó ni tiẹ̀ yàtọ̀, ẹ̀rọ mẹ́fà, 220 megawatt ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1,320 lápapọ̀, stíìmù ló ń yí gbogbo wọn, gáàsì ni wọ́n sì fi ń se omi tó ń di stíìmù. Nínú irú bọ́ílà ńlá báyẹn, stíìmù tó ń jáde lọ bá ẹ̀rọ lè gbóná tó 540°C, agbára tó sì fi ń tì í á ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó wà lára wa yìí lọ. Tí irú ẹ̀ bá jò, o ò ní rí i. Èéfín funfun tó ò ń rí lórí ìkòkò, ìyẹn ti ń di omi padà ni, stíìmù gidi ò láwọ̀ rárá, ariwo ẹ̀ nìkan lo máa gbọ́. Àwọn àgbà ibi iṣẹ́ á máa na igi ìgbálẹ̀ síwájú tí wọ́n bá ń wá ibi tó ti ń jò, ibi tó bá ti gé igi, ibẹ̀ náà ni. Ronú ọwọ́ ẹ níbẹ̀.

Nítorí náà kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, rí i pé wọ́n ti ti fáàfù, wọ́n fi àgádágodo sí i, wọ́n ti da omi inú ẹ̀ nù, pámíìtì, ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà, sì wà lọ́wọ́ ẹ. Tó o bá máa wọ inú bọ́ílà, kí wọ́n wọn afẹ́fẹ́ ibẹ̀, oxygen ò gbọdọ̀ dín ní 19.5%. Argon, gáàsì tá a fi ń jó tíìgì (jíjó tí iná ń ti ẹnu tungsten jáde, tá a wá ń fi wáyà kàn án) ò lóòórùn, kò láwọ̀, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí bí omi, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wọ inú ẹ̀ á kàn sùn lọ ni, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Kí ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó má lọ ra nǹkan mímu.

Ó yá, irin wo nìyí? Bi wọ́n. Gbogbo wọn ló ń dípẹtà bákan náà àmọ́ irin kan náà kọ́. Èyí tó ń gbé omi lè jẹ́ carbon steel lásán, wọ́n á kọ SA-106 Grade B sí i lára, ER70S-2 tàbí ER70S-6 lo máa fi jó rúùtù ẹ̀, ìyẹn ìlà àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ pátápátá, wàá wá fi E7018 kún un. Èyí tó ń gbé stíìmù tó gbóná janjan á ní chrome àti moly, irin méjì tí wọ́n pò mọ́ ọn, nínú. Irin tí wọ́n ń pè ní P11, ER80S-B2 ni wáyà ẹ̀, E8018-B2 ni electrode ẹ̀, ìyẹn igi ìjórin tó ní èèpo lára. P22, ER90S-B3 àti E9018-B3. P91 tó ní chrome bíi 9%, ER90S-B9 àti E9015-B9. P ni wọ́n ń pe páìpù, T ni wọ́n ń pe tíúbù, àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ inú bọ́ílà, ara kan náà ni P22 àti T22. Tó o bá fi 7018 jó P91 torí pé òun ló kù nínú páálí, á jó, á dán, wọ́n lè má tètè mọ̀, ọjọ́ tó bá là ló máa sọ fún wọn. Gbogbo ẹ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní WPS, irin, wáyà, iná, bó ṣe máa gbóná tó, kà á, ìwé yẹn lọ̀gá, kì í ṣe súpáfáísọ̀ tó ń pariwo pé kó o yára.

Electrode náà, ẹ̀yin ará ilé, mo mọ bá a ṣe ń ṣe é. A máa ń já páálí sílẹ̀, òjò á fẹ́ ẹ, oòrùn á pa á, a ṣáà ń jó o lọ. Àwọn tó gbẹ̀yìn ní 18 yìí ò fẹ́ ọ̀rinrin rárá, omi tó bá wọ ara ẹ̀ ló máa di hydrogen nínú irin, irin á wá là lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì tó o ti lọ sílé. Inú óófùn bíi 120°C ni wọ́n ń gbé, ìwọ̀nba tó o máa lò ni kó o mú. E7018 tó bá ti wà níta tó wákàtí mẹ́rin, dá a padà. E9018, wákàtí kan péré.

Gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, gé e kọjá ibi tó ti fẹ́lẹ́, má ṣahun. Lẹ́yìn náà fi fáìlìn, ẹ̀rọ tí òkúta ẹ̀ ń yí tó ń rẹ́ irin, rẹ́ ẹnu páìpù méjèèjì dagun, 37.5° níbí, 37.5° lọ́hùn-ún, tó o bá fẹnu kò wọ́n V á yọ níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ V yẹn, fi ètè díẹ̀ sílẹ̀, kó má ju 1.5 mm lọ, àwọn míì tiẹ̀ máa ń fẹ́ kó mú bí abẹ. Ha ìpẹtà, ọ̀dà àti epo kúrò, ìwọ̀n íǹṣì kan lóde, íǹṣì kan nínú, títí irin á fi funfun. Inú gan-an ni kó o fọwọ́ sí, torí ibẹ̀ la kì í dé nídìí géètì.

Àlàfo tó máa wà láàárín méjèèjì, 2.5 sí 3.2 mm. Tẹ wáyà 3.2 mm kan bí U, fi há àárín wọn, àlàfo ẹ̀ nìyẹn. Fọwọ́ sáré yíka inú ẹ̀ kó o rí i bóyá ọ̀kan ga ju èkejì lọ, kó má ju 1.5 mm. Níbi àlàfo yìí ni mo ti kùnà nígbà tẹ́ẹ̀sì mi, mo so wọ́n pọ̀ típẹ́típẹ́ bí ẹsẹ̀ géètì, mo rò pé ìyẹn ló dáa, iná ò wá ríbi gbà wọlé. Fi iná díẹ̀díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ra níbi mẹ́rin, fi fáìlìn rẹ́ etí ìlẹ̀mọ́ kọ̀ọ̀kan títí á fi fẹ́lẹ́ wọ ara páìpù, kí iná tó ń bọ̀ lè gun orí ẹ̀ láìta gìrì.

Ìyọnu kan wà tẹ́nì kankan ò ní kọ́ ẹ nílé ẹ̀kọ́: fáàfù tó ti gbó á máa jẹ́ kí omi kán tó, tó, tó, wá síbi tó o fẹ́ jó. Irin tó lómi ò ṣe é jó. Ohun táwọn àgbà ń ṣe, tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá gbà, ni pé wọ́n á ra búrẹ́dì, wọ́n á bó èèpo ẹ̀ dànù, wọ́n á rún inú ẹ̀ rírọ̀ sínú páìpù níwájú ibi tí omi ti ń bọ̀, á mu omi yẹn títí wàá fi jó rúùtù tán, tí wọ́n bá da omi sí i lẹ́yìn náà á rà, á bá a lọ. Búrẹ́dì Àgége dáa gan-an fún un. Èèpo ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ wọlé torí kì í rà bọ̀rọ̀, á lọ há síbì kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rán mi ní búrẹ́dì, mo ra ẹ̀wà àti ata mọ́ ọn, mo rò pé oúnjẹ ni.

Fún P91 àti stainless, inú páìpù náà gbọ́dọ̀ kún fún argon kó o tó tanná. Tí afẹ́fẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rúùtù á dúdú, á hó ṣákaṣàka bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tó jóná. Bébà kan wà tó máa ń yọ́ nínú omi, òun la fi ń dí ọ̀tún àti òsì kí argon má sá lọ, tí wọ́n bá ti tan bọ́ílà omi á yọ́ ọ. Má pa argon inú yẹn lẹ́yìn rúùtù o, jẹ́ kó wà títí ìlà kejì tàbí ìkẹta á fi wọlé.

Kó o tó jó o, kó iná ooru bò ó bí WPS ṣe wí. P91, ó kéré tán 200°C. Ṣọ́ọ̀kì kan wà tó máa ń yọ́ tí irin bá gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára, fi kàn án, má fi itọ́ dán an wò bíi ti áyọ̀nù.

Rúùtù wá dé. Tíìgì, DC, tọ́ọ̀ṣì tó o dì mú tó o fi ń jó o wà ní negative. Tungsten, ọ̀pá ṣóṣóró ẹnu tọ́ọ̀ṣì, 2.4 mm, lọ̀ ọ́ ní gígùn ẹ̀, kí ojú ìlọ̀ máa sáré lọ síbi ẹnu ẹ̀, tó o bá lọ̀ ọ́ yíka iná á máa rìn kiri. Èyí tórí ẹ̀ pupa ní thorium, ohun tó ń tan ìtànṣán olóró, má fa eruku ẹ̀ símú. Argon ẹnu tọ́ọ̀ṣì, lítà 8 sí 12 ní ìṣẹ́jú kan. Iná bíi 80 sí 110 ampere, ọwọ́ ẹ ló máa sọ èyí tó bá ẹ mu. Bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi aago mẹ́fà, gòkè lọ sí aago méjìlá, kó o wá padà ṣe apá kejì. Wo omi irin yẹn, omi yẹn ni kó o máa wò, kì í ṣe iná. Ètè méjèèjì á kọ́kọ́ pupa, á funfun, á rọ̀, ìgbà tí méjèèjì bá yọ́ tí wọ́n fẹnu kora ni kó o tó fi wáyà kàn án, á fà á mu ṣùrù, á sì wọ inú lọ. Tó o bá fi wáyà kàn án kí ètè méjèèjì tó yọ́, orí ẹ̀ ló máa dúró sí, ìlà dúdú inú fíìmù nìyẹn. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, omi irin á fẹ́ ro sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ, inú á wá jìn, ti wáyà gba inú àlàfo kọjá díẹ̀ kó lè kún. Má fa ẹnu wáyà kúrò lábẹ́ argon. Tó o bá fẹ́ dúró, má já iná gìrì, fà á sí ẹ̀gbẹ́ V, jẹ́ kó kéré, kí tọ́ọ̀ṣì ṣì máa fẹ́ argon sí i títí á fi dúdú.

Tíúbù tiẹ̀ tún lágídí ju páìpù lọ torí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí igi ọgbà, orí kì í wọ ẹ̀yìn. Dígí la fi ń jó o. Ọ̀tún á di òsì, ọwọ́ ẹ á máa sá sódì kejì. Tọ́ọ̀ṣì tí kò tan ni mo fi kọ́ ọ, níwájú dígí ìfárí nílé, mo ń tẹ̀ lé ìlà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fà, mo tún fi ọwọ́ òsì kọ́ gbogbo nǹkan, mo fi kọ̀wé, mo fi gbálẹ̀, oúnjẹ nìkan ni mi ò fi jẹ, ìyá mi ò ní gbà. Tí dígí náà ò bá débẹ̀, wọ́n á gé fèrèsé sí iwájú tíúbù, wàá gba ibẹ̀ jó ẹ̀yìn ẹ̀ láti inú, lẹ́yìn náà wàá wá jó fèrèsé yẹn padà.

Tó o bá fẹ́ kọ́ ọ nílé, wá àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù irin, ra páìpù íǹṣì méjì tó nípọn, Schedule 80, jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ní 45°, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní 6G, ẹni tó bá yege nínú ẹ̀ lè jó páìpù bó ṣe wù kó dúró. So páìpù méjì míì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó lè há. Jó o, fi fáìlìn là á, wo inú, tẹ̀ ẹ́ títí á fi kán tàbí á fi kọ̀. Ṣe ọgọ́rùn-ún.

Ìkún ò le. Pa èèpo ẹ̀ kúrò kó o tó fi ìlà míì lé e, má jẹ́ kí ibi tó o ti dúró bọ́ sórí ara wọn, kí èyí tó wà lókè pátápátá má ga ju 3 mm lọ. P91 tó o bá jó tán, jẹ́ kó tutù wálẹ̀ sábẹ́ 100°C, kí wọ́n wá fi iná ooru gbé e lọ sí nǹkan bíi 730 sí 775°C bí WPS bá ṣe wí. Kí wọ́n tó ṣe é, ó gan bí àwo, má lù ú, má jẹ́ kí omi kàn án. Tí àwọn tó ń ya X-ray irin bá dé pẹ̀lú Iridium-192 wọn, ohun tó ń tan ìtànṣán olóró, tí wọ́n ta okùn yíka ibẹ̀, má kọjá okùn yẹn tìtorí pé o gbàgbé ìbọ̀wọ́.

Ìwé ẹ̀rí ẹ tó o bá gbà lábẹ́ ASME Section IX, òfin àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà lórí jíjó irin, tó o bá fi tíìgì sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà láìjó o, ó ti lọ nìyẹn. Jẹ́ kí wọ́n máa kọ ọjọ́ tó o jó sílẹ̀ fún ẹ.

Mo padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Mo gbé dígí tèmi, fáìlì róbótó tèmi àti wáyà 3.2 tí mo ti tẹ̀ láti ilé dání. Bí mo ṣe jó rúùtù tán, bàbá tó ń yẹ̀ ẹ́ wò tan tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ ẹ̀ sínú páìpù, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó rìn ín yíká, kò tiẹ̀ wo òde. Ó ní kí n máa kún un lọ.